Èèrà Ló Pa Àlájì

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí ìrọ̀rí méjì ni mo gbọ́dọ̀ jókòó lé kí n tó rí ojú kọ̀ǹpútà dáadáa, kò sí ohun tuntun kan nínú ilé wa ní Alajo, ní Ghana. Aṣọ òkiríkà ni bàbá mi ń tà ní ọjà Kantamanto, èyí táwọn ará Ghana ń pè ní obroni wawu, ìyẹn ni pé òyìnbó tó ni ín ti kú. Ohunkóhun tí òyìnbó bá ti lò ṣẹ́kù, Bàbá gbà pé ó dára. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti bá wa dán an wò. Ṣòkòtò òkú òyìnbó la ń wọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì òkú òyìnbó la ń sùn, nígbà tí kọ̀ǹpútà sì máa wọlé, kọ̀ǹpútà òkú òyìnbó náà ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ó rántí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, èyí tó ní ikùn ńlá lẹ́yìn. Inú trotro, ọkọ̀ èrò, ni Bàbá gbé e sí wálé lọ́sàn-án Sátidé kan, ó gbé e lé itan bí ọmọ ìkókó, kò sì jẹ́ kí méètì tó ń gbowó ọkọ̀ bá òun gbé e. Màmá da aṣọ léèsì bò ó. Wọ́n ní ìwé la máa fi kà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Múfú, tó fi ọdún méjì jù mí lọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Sáfù ni wọ́n ń pè mí.

Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀ ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń kó àpò ṣòkòtò kó tó fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Kantamanto mọ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè kó àpò tó, nǹkan kan á kù níbẹ̀. Ohun tó kù nínú àpò tiwa yìí, géèmù ni.

Kì í ṣe géèmù iléeṣẹ́ ńlá. Tó bá ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ èèyàn méjì péré ló ń jáde pé àwọn ló ṣe é, ọ̀kan nínú wọn ló sì tún ṣe orin rẹ̀. Múfú ní tọkọtaya ni wọ́n, ó dá a lójú, bẹ́ẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa wọn. Òkè la ti ń wo gbogbo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí ní Kantamanto, tẹ́ ẹ wo àwọn kayayei, àwọn alábàárù, tó ń ru ẹrù kọjá nísàlẹ̀, ẹ mọ bó ṣe rí. Orí lẹ ó rí, ẹ ó rí èjìká, ẹ ò ní rí ojú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe ń rí ọmọ ogun inú géèmù yìí, orí àti èjìká, pẹ̀lú ìbọn tó nà síwájú. Ìlú kékeré kan láàárín iyanrìn ló ń gbé. Àwọn èèrà tó tóbi ju ajá lọ máa ń jáde látinú ihò wá gbógun ti ìlú náà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kó wọ àwọn ihò yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa dé yàrá ìkẹyìn, níbi tí ìyá àwọn èèrà wà.

Ká ní ìbọn yíyìn nìkan ni, ì bá ti sú wa láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó dè wá mọ́lẹ̀ ni pé ọmọ ogun yìí máa ń dàgbà. Tó bá ti pa èèrà tó, á gòkè ipò kan, géèmù á wá bi wá ohun tá a fẹ́ fi kún un: ara tó le ni, àbí ẹsẹ̀ tó yá, àbí ojú tó ríran jìnnà. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ lè mú. Ìjà tí èmi àti Múfú jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ju èyí tí ọmọ ogun náà bá àwọn èèrà jà lọ. Múfú fẹ́ ara tó le. Ẹsẹ̀ tó yá lèmi fẹ́, torí ẹni tó bá ti lè sá, kí ló fẹ́ fi ara tó le ṣe? Ìyá arúgbó kan wà lẹ́bàá kànga ìlú náà tó máa ń rán ọmọ ogun níṣẹ́ kó tó fún un ní oògùn tàbí bàtà. Èyí ò ṣàjèjì sí wa rárá, torí bí nǹkan ṣe rí nílé wa náà nìyẹn.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń darí ilé wa. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kó tó gbálẹ̀, kó fọ abọ́ àárọ̀, kó pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, kó sì ti ilé-kéú dé. Lẹ́yìn ìrun alásárì la máa ń jókòó sídìí rẹ̀, tí wọ́n bá ti pe ìrun mọ̀gáríbì, a ti parí nìyẹn. Láàárọ̀, wọ́n á rán mi lọ ra koko, ìyẹn ògì, àti koose lọ́wọ́ Hausa tó wà ní kọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ò gbà láyé pé koose ló ń jẹ́. Ó ní àkàrà ni, pé ó kàn ti rìnrìn àjò ni. Ní ọ̀sán, gààrí la máa ń rẹ, pẹ̀lú ṣúgà, ẹ̀pà àti mílíìkì inú agolo tí Màmá bá bù fún wa nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé, níbi tó ti ń ta ọṣẹ àti ọjà kéékèèké.

Gààrí yìí ló kọ́kọ́ fi ìyà jẹ wá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká má jẹun nídìí kọ̀ǹpútà, a ò gbọ́. Ṣúgà dà sáàárín kíbọ́ọ̀dù, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, èèrà gidi ti kún inú rẹ̀. Màmá dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tò jáde lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ ò kúkú pa wọ́n tán níbẹ̀ yẹn, ẹ wá ń pè wọ́n wálé." A kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a nawọ́ sókè, títí tí wọ́n fi se ọbẹ̀ alẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ n padà sídìí ọ̀rọ̀. Nínú géèmù tiwa yẹn, ẹni tó bá kú ti kú nìyẹn. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, orin á dákẹ́, òkúta ibojì kan á yọ. Wọ́n á kọ orúkọ olóògbé sí i, ipò tó dé, àti ohun tó pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ sọ ọmọ ogun tuntun lórúkọ, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Ojú ìwé kan wà tí gbogbo ibojì náà tò sí. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, tiwa ti di itẹ́ òkú ńlá. A ti fi orúkọ Múfú bẹ̀rẹ̀, ó kú. A fi tèmi, ó kú. A fi orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì wa, wọ́n ń kú lọ́tùn-ún lósì.

Múfú ló wá sọ pé orúkọ ni kò lágbára. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Títí mo fi wọ kíláàsì mẹ́ta, mo rò pé Àlájì ni orúkọ bàbá mi láti ọ̀run wá. Inú fọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mo ti rí i pé Lámídì ló ń jẹ́, ńṣe ni mo yára pa fọ́ọ̀mù náà dé bíi pé mo rí i níhòòhò. Lójú tiwa, orúkọ tí ẹnu ọmọ ò gbọ́dọ̀ kàn ní láti lágbára ju gbogbo orúkọ lọ. Mo ní èèwọ̀ ni. Múfú ronú sí i, ó ní, "Chale, ẹnu ni wọ́n ní ká má fi pè é. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìka." Ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́: LAMIDI.

Orúkọ náà ṣiṣẹ́. Lámídì ò kú lọ́jọ́ kìíní, kò kú lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń wọ ihò tó ń jáde, ó di ipò mẹ́rìnlá, ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé rí. Ara rẹ̀ le bí Múfú ṣe fẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí èmi ṣe fẹ́. Àwa méjèèjì ṣe àdéhùn pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá a mú jáde, àwa méjèèjì la gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. A ò sì pè é ní Lámídì lẹ́nu. Àlájì là ń pè é.

Àárín ìgbà yẹn ni Bàbá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Bọ́dà Aflao ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n á kọjá Lomé àti Cotonou kí wọ́n tó wọ Nàìjíríà. Sátidé ló lọ, ó ní ní Ọjọ́bọ̀ òun á ti padà dé, òun á sì máa pè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó sì pè lóòótọ́, títí dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Múfú lọ gẹrun. Mo gbálẹ̀, mo fọ abọ́, kò sí ohun tó kù láti ṣe, kọ̀ǹpútà sì wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Mo ní kí n kàn yọjú wo Àlájì bóyá àlàáfíà ló wà. Bí mo ṣe tàn án, mo mú un rìn yí ìlú ká. Bó ṣe rìn yí ìlú ká tán, ẹnu ihò karùn-ún nìyẹn. Mo ní kí n kàn wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn èèrà jáde ní iwájú, mo ní kó sá sẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà ti kún. Ẹsẹ̀ tó yá tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, kò síbi tó fẹ́ sá lọ. Kí n tó pe orúkọ Ọlọ́run, ojú kọ̀ǹpútà ti ṣókùnkùn, òkúta sì ti yọ. Wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé LAMIDI, ipò mẹ́rìnlá, èèrà ló pa á.

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo da léèsì bò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá ò pè.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò dé. A pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Màmá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pé bí bọ́dà ṣe máa ń rí nìyẹn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kò dé. Wọ́n ra waakye fún mi pẹ̀lú ẹyin àti ṣítọ̀, oúnjẹ tí mo lè tìtorí rẹ̀ lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo gbé abọ́ náà fún Múfú. Mo mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Wọ́n ń dúró de ẹni tí èmi ti pa. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún, torí tí mo bá sunkún, wọ́n á bi mí ohun tó ṣe mí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ bá Ìyá Àgbà lórí ẹní rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, mo ti pa Àlájì."

Ó gbé tẹ̀súbáà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Kí lo fi pa á?"

Mo ní, "Ìka ni."

"Mú mi lọ síbẹ̀."

Mo mú un lọ. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí itẹ́ òkú náà, mo fi òkúta hàn án. Ìyá Àgbà mọ kéú kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ABD. Ó ní kí n fi ibi tí orúkọ ọmọ òun wà han òun. Mo fi hàn án. Ó fi ìka kàn án.

Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa pe bàbá yín lórúkọ?"

"Múfú ni. Àwa méjèèjì ni, mà."

"Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n ka àwọn yòókù fún òun, gbogbo wọn. Mo ń kà á, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dé orí tèmi, ó dá mi dúró. Ó ní, "Sáfù náà wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ìwọ rèé lórí ìkúnlẹ̀. Ṣé o kú ni?"

"Rárá, mà."

"Múfú ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, mà."

"Ṣebí Múfú yẹn náà ló jẹ kenkey mẹ́ta lánàá. Dìde ńlẹ̀, jàre."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbé ẹrù yìí, mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí. Ìyá Àgbà fi ìdí ìró nù mí lójú. Ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí fún mi. Ó ní ọmọ méjì ló kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó bí bàbá mi, kò sí èyí tó dúró nínú wọn. Nígbà tí bàbá mi dé, àlùfáà sọ ọ́ ní Lámídì, ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀ yàrá, Dúrósinmí lòun ń pè é. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bẹ ọmọ pé kó má lọ mọ́. Mo fi ẹnu bẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́. Ohun tí ẹ fi ìka kọ ò lè yẹ ohun tí mo fi ẹnu sọ." Ó padà sórí ẹní rẹ̀, kò sì gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gáríbì. Ọmọ tirẹ̀ ló kúkú wà lójú ọ̀nà.

Ní Sátidé, kí wọ́n tó pe ìrun àìlà, takisí kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, eruku ti sọ agbádá rẹ̀ di aláwọ̀ pupa, ó gbé àpò gààrí àti ọṣẹ dúdú lọ́wọ́. Ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́ lẹ́yìn Cotonou, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wà níbẹ̀, olè sì ti yọ fóònù rẹ̀ lápò ṣáájú ìyẹn. Màmá jókòó sórí àpò gààrí, ó ń sunkún, ó tún ń bú dẹ́rẹ́bà. Ìyá Àgbà jáde. Kò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní, "Dúrósinmí." Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo àdúgbò.

Èmi ni mo lọ jẹ́wọ́ fún un fúnra mi, lẹ́yìn tó jẹun tán, torí Múfú ti rí òkúta náà, ó ní òun á sọ. Bàbá ní kí n fi han òun. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó wo orúkọ rẹ̀ lára ibojì títí.

Ó ní, "Kí ló pa mí?"

"Èèrà ni, sà."

"Èèrà? Mélòó?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

"Ó sàn tí wọ́n bá pọ̀. Ipò wo ni mo dé?"

"Mẹ́rìnlá, sà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Mo gbìyànjú paa." Ó wá ní ká lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi àti Múfú, torí orúkọ tá a pè. A kúnlẹ̀ títí di ìrun alásárì, ayọ̀ ni mo sì fi kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ibi tí mo wà, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń ṣe àlàyé èèrà fún Màmá.

Ìyá Àgbà ló sọ ọmọ ogun tó tẹ̀ lé e lórúkọ. Ó ní ẹni tó bá ń kú tó ń padà wá, Kòkúmọ́ là ń pè é, kì í ṣe orúkọ alààyè. Òun fúnra rẹ̀ máa ń wá jókòó tì wá, tí Kòkúmọ́ bá sì sún mọ́ ihò, á ní ká mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, a dé yàrá ìkẹyìn, a pa ìyá àwọn èèrà. Èmi àti Múfú ń fò sókè. Ìyá Àgbà ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ta ló máa wá tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ báyìí?"

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Àgbà ti lọ. Ó gbó, ó tọ́ kó tó lọ, Bàbá ló sì kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i, bó ṣe bẹ̀ ẹ́. Múfú ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ashaiman, ìyàwó rẹ̀ ní kì í jẹun kúrò nídìí rẹ̀. Bàbá ti darúgbó, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í pé báwo ni ara, ó máa ń ní àwọn èèrà ò tíì rí òun mú.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ tèmi ò mọ ìrọ̀rí méjì, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe géèmù, iná ì báà lọ. Nínú tiwọn, ẹni tó bá kú ò ní ibojì. Wọ́n á wo ìpolówó ọjà díẹ̀, olóògbé á sì dìde. Mi ò bínú sí i. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju tiwa lọ, wọn ò sì ní mọ ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi gbé ẹrù òkú kiri. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé wọ́n pàdánù ni pé wọn ò mọ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ẹni tó lè kú.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò, títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin mi sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, mo gba fóònù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ogun kan wà níbẹ̀, orí àti èjìká, ìbọn nà síwájú. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni SAFIYATU, orúkọ mi, tí ọmọ náà kò fẹnu pè rí láti ìgbà tí mo ti bí i. Ó jí, ó rí mi, ó sì rí fóònù lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá ilẹ̀ tó máa kúnlẹ̀ sí.

Mo ní, "Ipò wo ni mo dé?"

Ó ní, "Mọ́kànlá, Màmá. Mi ò tíì jẹ́ kẹ́ ẹ kú rí."

Mo dá fóònù padà fún un, mo sì ní kó rọra máa mú mi lọ.